Ìlù tí ń gba Èsì

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú àwọn kan nínú yín, nítorí pé ó jẹ mọ́ orin àti fóònù, ohun méjì tí àgbà máa ń rò pé kò kan òun. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín, ẹ fi sùúrù bá wa dé òpin rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlù ni. Kò sì sí ìlú Yorùbá kan tí ọ̀rọ̀ ìlù kò kàn, àgàgà ìlú Ẹdẹ tiwa yìí.

Nígbà tí rédíò kọ́kọ́ dé ilẹ̀ wa, àwọn baba wa tẹ́tí sí i, wọ́n wò ó lọ, wọ́n wò ó bọ̀, wọ́n sì fún un lórúkọ: wọ́n pè é ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà kì í ṣe àwàdà lásán. Ìyanu wà nínú rẹ̀, ẹ̀sùn sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Irú ẹ̀dá wo ni èyí, tí ń sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí ń kọrin, tí ń kéde, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò lè dá lóhùn? Ní Èkó ni a ti kọ́kọ́ ta wáyà rẹ̀ láti ilé dé ilé ní ọdún 1935; ó dé Ìbàdàn ní 1939; ní 1959 ẹ̀wẹ̀, amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ó sì fi àwòrán kún ohùn. Àwo orin náà kò gbẹ́yìn. Láàárín àwọn ọdún 1930 ni Túndé King ti kọ orin jùjú sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Parlophone. A kò bú àwọn ohun wọ̀nyí, nítorí wọ́n gbé orin wa jìnnà. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni gbogbo wọn ṣe: wọ́n mú olórin jókòó sí apá kan, wọ́n mú olùgbọ́ jókòó sí apá kejì, wọ́n sì mọ ògiri sí agbede-méjì wọn.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ìlù rí. Ẹ rántí bí ó ti máa ń rí lójú agbo. Bí ènìyàn bá ti ń wọlé bọ̀, onílù ti rí i; kò tíì jókòó tán tí ìyáàlù fi ti pe orúkọ rẹ̀, tí ó pe orúkọ baba rẹ̀, tí ó sì ti mú oríkì ìran rẹ̀ wá sí gbangba. Orí ẹni tí a kí yóò wú, yóò dìde, yóò jó sún mọ́ onílù, yóò sì lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Bí ó bá ń jó jẹ́jẹ́, onílù yóò rọ ìlù fún un. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yá, ìlù náà yóò yá. Bí onílù bá sì ṣèèṣì fi oríkì ìdílé mìíràn kí i, lójú ẹsẹ̀ ni yóò mi orí, tí yóò sì júwe agbo ilé baba rẹ̀, onílù yóò sì tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe. Ìlù ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ ń dá a lóhùn. Ẹsẹ̀ ń sọ̀rọ̀, ìlù ń dá a lóhùn. Àwọn ẹgbẹ́ olórin jùjú, irú ti Ebenezer Obey àti ti Sunny Adé, kò jẹ́ kí ìwà yìí parẹ́. Nínú ọ̀sán àti òru ayẹyẹ, wọ́n ń pe ènìyàn lórúkọ, ẹni tí a pè sì ń dìde.

Ní Ẹdẹ, a kò gbọ́dọ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ yìí kí a má dárúkọ Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, ẹni tí ó jọba láti 1946 di 1975. Ọba ni, onílù sì ni. Òun fúnra rẹ̀ a máa gbé ìyáàlù kọ́ èjìká, a sì máa fi í sọ̀rọ̀ lójú àwùjọ. Ní ọdún 1959 ó kọ ọ̀rọ̀ nípa àwọn ìlù Yorùbá sínú ìwé Odù, kí àwọn tí kò gbọ́ èdè ìlù lè mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni ìlù jẹ́, kì í ṣe ariwo. Ẹni tí ó lè jókòó kí a máa lùlù fún un ni ó yàn láti lùlù fún ẹlòmíràn gbọ́. Kò sì rò pé ó bu iyì òun kù láti gbé ìlù lọ sínú ìwé títẹ̀, tí í ṣe ohun èlò ìgbà tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i.

Nísinsìnyí, ohun kan ti dé tí ó ń wó ògiri tí a wí yẹn. Lórí Instagram, Facebook, TikTok, YouTube, àti X tí a ń pè ní Twitter tẹ́lẹ̀, olórin lè fi ohùn àti àwòrán ara rẹ̀ hàn fún aráyé láìgba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ rédíò kankan kọjá. Ẹni tí ó gbọ́ ọ lè kọ èsì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó lè yìn ín, ó lè bú u, ó lè bi í léèrè, ó sì lè jó ijó tirẹ̀ sí orin náà kí ó fi ránṣẹ́ padà. Èyí kì í ṣe asọ̀rọ̀mágbèsì mọ́, asọ̀rọ̀gbèsì ni. Èrò tiwa ni pé kì í ṣe àṣà àjèjì ni ó gbé wá bá wa. Àṣà agbo ìlù ni ó gbé padà wá, ṣùgbọ́n ó sọ agbo náà di ńlá tó bẹ́ẹ̀ tí onílù kò fi rí ojú ẹni tí ń jó. Níbẹ̀ ni èrè rẹ̀ wà, níbẹ̀ náà ni ewu rẹ̀ sì wà.

A kò ní í lọ jìnnà fún àpẹẹrẹ. David Adélékè, tí gbogbo ayé ń pè ní Davido, jẹ́ ọmọ-ọmọ Aṣòfin Àgbà Ayọ̀ọlá Adélékè ti Ẹdẹ. Amẹ́ríkà ni a bí i sí ní 1992, ṣùgbọ́n ilé baba rẹ̀ kò ṣí kúrò ní Ẹdẹ. Ní 2011 ni orin rẹ̀ tí ń jẹ́ Dami Duro sọ ọ́ di ẹni tí a mọ̀; lónìí, àwọn tí ń tẹ̀ lé e lórí Instagram nìkan ju mílíọ̀nù 25 lọ. A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò fẹ́ràn irú orin bẹ́ẹ̀. Àwa náà kì í fi í jí láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò fẹ́ràn pàápàá lè kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ó gbé àkójọ orin rẹ̀, Timeless, jáde ní 2023, ijó orin kan nínú rẹ̀, Unavailable, gba orí TikTok kan. Àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ púpọ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn kò lè fi ọwọ́ tọ́ka sí Ẹdẹ nínú àwòrán ayé, jó ijó náà, wọ́n ya ara wọn, wọ́n sì fi í hàn. Ẹ wò ó: ìlù sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ dáhùn.

Èsì kan wà tí ó ṣe pàtàkì ju ijó lọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, nígbà tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ kúkúrú kan sójú Twitter, pé kí olúkúlùkù ọ̀rẹ́ òun tí ó mọ̀ pé òun ti bá kọ orin tí ó gbajúmọ̀ fi mílíọ̀nù kan náírà ránṣẹ́ sí òun. Ó sì fi nọ́ńbà àpò owó rẹ̀ ní báǹkì síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Kí ọjọ́ mélòó kan tó kọjá, owó tí ó wọlé ti tó 200 mílíọ̀nù náírà. Ó fi 50 mílíọ̀nù tirẹ̀ kún un, ó sì kéde pé àwọn ilé tí a ti ń tọ́ ọmọ òrukàn káàkiri Nàìjíríà ni òun fi 250 mílíọ̀nù náà ta lọ́rẹ. A ti ń náwó fún olórin ní ilẹ̀ yìí tipẹ́tipẹ́. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni kí a ná an fún olórin tán, kí olórin sì kó o lé ọmọ òrukàn lọ́wọ́. Ẹni tí ó ṣe é kò ṣe ohun kékeré, a kò sì ní í fi ìyìn rẹ̀ du ú.

Ṣùgbọ́n ìyìn nìkan kọ́ ni èsì. Ní oṣù keje ọdún 2023, ó fi àwòrán orin ọ̀dọ́mọdé olórin kan tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, Logos Olori, hàn lórí ayélujára. Àwọn ọkùnrin aláṣọ funfun wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń kírun, tí wọ́n sì bọ́ láti orí ìrun sínú ijó. Àwọn Mùsùlùmí púpọ̀ fi ìbínú dáhùn, wọ́n ní a fi ìjọsìn àwọn ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó yọ àwòrán náà kúrò. Ó dára tí ó yọ ọ́. Ẹni tí ó gbọ́ èsì tí ó sì yí padà sàn ju olóríkunkun lọ. Síbẹ̀ ẹyin ni ọ̀rọ̀. Bí ó bá ti bọ́, fífọ́ ni í fọ́.

Ó dùn wá nítorí Ẹdẹ. Ìlú yìí ni Tìmì Abíbù Lágúnjú, tí í ṣe Mùsùlùmí, ti jọba ṣáájú ọdún 1900. Ìlú yìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé fi odidi ìwé kan sọ̀rọ̀ lé lórí ní 2017, nítorí bí Mùsùlùmí, Kristẹni àti ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ti ń gbé pọ̀ nínú rẹ̀. Àwa tí a ń gun àga ìwàásù ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ń lọ sí mọ́sálásí. Bí ẹnikẹ́ni bá fi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ṣe eré ijó, inú tiwa kò ní í dùn. Ẹ kíyè sí i pé onílù tí ń ti òde bọ̀ ní Ẹdẹ, bí ó bá dé iwájú mọ́sálásí ní àkókò ìrun, yóò dá ìlù dúró. Ta ni ó kọ́ ọ? Ojú ni ó kọ́ ọ. Ó rí àwọn tí wọ́n tò sẹ́yìn lèmọ́mù, ó mọ̀ pé ọmọ ilé òun wà nínú wọn. Ẹni tí ó wà ní yàrá tí ó ń bá mílíọ̀nù ènìyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bí agbo bá ti tóbi tó ni ó ṣe yẹ kí olórin ronú tó kí ó tó la ẹnu.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun kan tí ojú wa rí. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, ọmọ ilé Àyàn kan wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ó fi fóònù ya baba rẹ̀ bí ó ti ń lu ìyáàlù, ó sì gbé e sórí Facebook. Láìpẹ́, ó wá bá wa tayọ̀tayọ̀ pé àwọn tí ó ti wò ó ti ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ. A bá a yọ̀. Ó lọ sọ fún baba rẹ̀ nílé. Baba náà dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ọmọ ta ni wọ́n?” Ọmọ kò lè dáhùn. Baba ní, “Ǹjẹ́ ta ni mo wá ń kí?”

Ọmọ náà padà lọ ka àwọn èsì tí a kọ sábẹ́ ìlù náà, èyí tí kò tíì kà rí. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àwòrán àtẹ́wọ́ lásán. Ṣùgbọ́n obìnrin kan kọ̀wé láti Lọ́ńdọ̀nù pé ọmọ Ẹdẹ ni baba òun, pé láti ìgbà tí baba náà ti kú òun kò gbọ́ oríkì ilé àwọn mọ́. Ó dárúkọ agbo ilé náà. Ọmọ kà á sí baba rẹ̀ létí. Baba onílù ránṣẹ́ pe àgbà kan láti agbo ilé yẹn, ó bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó sì rí i dájú pé òun mọ ẹni tí òun fẹ́ kí. Nígbà náà ni ó gbé ìlù, ó pe orúkọ baba obìnrin náà, ó sì ki ìran rẹ̀ dé ìdí. Obìnrin náà kọ̀wé pé òun sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó fi owó ránṣẹ́, kò sì dúró níbẹ̀. Títí di òní, bí ọdún ìrántí baba rẹ̀ bá pé, ọ̀dọ̀ onílù yìí ni ó ń bẹ̀ kí a lùlù. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn yòókù ńkọ́? A kò mọ ibi tí wọ́n gbà lọ.

Ẹ̀yin ará wa, kókó ọ̀rọ̀ wa nìyí: iye kọ́ ni orúkọ. Àwọn ẹgbẹ́ olórin àti àwọn onílù wa tí ń sáré ka orí ènìyàn lórí fóònù ń ka ohun tí kò bọ́ sọ́wọ́ wọn. Ẹni tí a mọ̀ lórúkọ tí a sì dá lóhùn ni olólùfẹ́. Ẹni tí a kò mọ̀ jẹ́ èrò ọ̀nà. Ẹgbẹ́ olórin tí ń lẹ ìwé ìkéde òde eré rẹ̀ mọ́ ojú ayélujára, tí kì í ka ohun tí a kọ sábẹ́ rẹ̀, ti sọ asọ̀rọ̀gbèsì di asọ̀rọ̀mágbèsì padà. Ohun mẹ́rin ni a rò pé ó yẹ kí a ṣe.

Èkíní ni pé kí ẹgbẹ́ olórin kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan nínú wọn tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa ka èsì, láti máa dáhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, àti láti máa béèrè ohun tí baba onílù béèrè: ọmọ ta ni ọ́, níbo ni ilé yín? Kí ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ní òde eré tí ó bá tẹ̀ lé e, kí olórin pe àwọn orúkọ wọ̀nyí.

Èkejì ni pé kí èsì náà jẹ́ ní èdè Yorùbá tí ó pé, tí ó ní àmì ohùn lórí. Olùkọ́ ni wá, ẹ má bínú sí wa. Ìlù kò ní ètè, kò ní eyín. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó fi ń sọ̀rọ̀, a sì ń gbọ́ ọ yé. Ẹ wo ìtìjú tí ó jẹ́ kí onílù lè pa ohùn mọ́ láìní ahọ́n, kí ọmọ rẹ̀ tí ó kàwé má lè pa á mọ́ pẹ̀lú kálámù! Ẹni tí ó bá kọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ bákan náà dà bí ẹni tí ń lu ìlù tí ọṣán rẹ̀ ti dẹ̀. Fóònù ìsinsìnyí ní àmì wọ̀nyí nínú. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lò, kí ó béèrè.

Ẹ̀kẹta ni pé kí a rántí pé ilé onílé ni a ti ń jó. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ìjọba àpapọ̀ ti Twitter pa ní Nàìjíríà, a kò sì ṣí i títí di ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìíní ọdún 2022. Òwò owó ọmọ òrukàn tí a sọ lókè yìí pàápàá, nígbà tí ilẹ̀kùn náà wà ní títì ni ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ni àwọn ará ilé ń gbà wọ ibẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 2024 ẹ̀wẹ̀, ilé-iṣẹ́ orin Universal àti TikTok jà lórí owó. A yọ orin àwọn olórin ilé-iṣẹ́ náà kúrò, fídíò tí àwọn olólùfẹ́ fi orin wọ̀nyí ṣe sì di odi, títí wọ́n fi parí ìjà ní oṣù karùn-ún. Bí erin méjì bá ń jà, koríko ni í fara gbá a. Nítorí náà, kí onílù tọ́jú ohùn ìlù rẹ̀ sí ọwọ́ ara rẹ̀, kí ó ní ìwé orúkọ àti nọ́ńbà fóònù àwọn ènìyàn rẹ̀, kí ó sì máa fi ojú rí wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà ọdún ìbílẹ̀ tàbí ní Kérésìmesì tàbí ní Iléyá, nígbà tí ọmọ ìlú bá wálé.

Ẹ̀kẹrin kàn yín, ẹ̀yin ìjòyè àti ọlọ́lá. Ní ojú agbo, ẹ kò jẹ́ kí onílù kí yín kí ẹ má náwó. Ojú yóò tì yín. Ṣùgbọ́n lórí fóònù, ẹ ń gbádùn ìlù ní yàrá yín, ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ sì ń pa fóònù dé. Ta ni yóò wá bọ́ onílù? A mọ ọmọ ilé Àyàn tí ó ti ta ìlù rẹ̀ ra ọ̀kadà. Kò yọ̀lẹ, ebi ni. Fóònù tí ó gbé ìlù tọ̀ yín wá lè gbé owó tọ̀ ọ́ lọ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹ sọ ọ́ di ojúṣe.

Àwọn àgbà kan yóò wí pé, “Ìlù kì í ṣe ohun à ń gbé kiri, ẹ fi í sílẹ̀ ní ààfin.” A gbà pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ohun tí a kì í lù níta, kí ó dúró nínú ilé. A kò sọ pé kí a gbé àṣírí orò sójú ayélujára. Ṣùgbọ́n oríkì agbo ilé kì í ṣe àṣírí. Ìgbà tí a bá kì í ní gbangba ni ó wà láàyè. Tìmì Láoyè kò fi ìlù mọ sí ààfin. Ó gbé e lọ sínú ìwé nígbà tí ìwé jẹ́ ọ̀nà. Bí a bá fẹ́ tẹ̀ lé ìpa ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀nà ìgbà tiwa ni kí a tọ̀.

Nítorí náà, a fi àbá kan síwájú ẹgbẹ́ wa yìí: kí a wá ọ̀dọ́ méjì tí ó kàwé fún agbo ilé onílù kọ̀ọ̀kan ní Ẹdẹ, kí wọ́n máa ya ìlù àwọn àgbà, kí wọ́n máa kọ ọ̀rọ̀ ìlù náà sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀, kí wọ́n sì máa ka èsì sí àwọn àgbà létí. Kò ní í ná wa ní owó púpọ̀. Ohun tí yóò ná wa ni ìfarabalẹ̀.

Ọmọ wa wà ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n wà ní Amẹ́ríkà, wọ́n wà ní Èkó níhìn-ín, tí ẹnikẹ́ni kò ki oríkì wọn rí. Wọ́n ń gbọ́ orin ọ̀sán àti òru, ṣùgbọ́n kò sí orin tí ó mọ̀ wọ́n. Onílù tí ó lè pè wọ́n lórúkọ ń dàgbà lọ. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ìyáàlù dákẹ́ lọ́wọ́ wa ní ọjọ́ gan-an tí ayé gbogbo ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́tí sílẹ̀. Àmín.